Ìdí Tí I Kò Fi Ní Àga Nínú Bàálù

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń wọ bàálù, tí àwọn ẹyẹ sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní àga tirẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Láti A títí dé J, kò sí èyí tí wọ́n fò.

Iṣẹ́ wọn kò le. A ń ṣọ́ gbogbo àga tó wà létí fèrèsé lápá òsì, láti iwájú ọkọ̀ títí dé ìdí. B ń ṣọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e. C ń ṣọ́ àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí èrò ń gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ títí dé etí fèrèsé kejì, lápá ọ̀tún. C kò sí nínú ábídí tiwa, ṣùgbọ́n ó ní àga nínú bàálù. Ayé ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Àwọn nọ́ńbà ní tiwọn ń ka ìlà, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá kọ 4B sórí tíkẹ́ẹ̀tì Ọ̀yà, Ọ̀yà á ka ìlà dé ìkẹrin, á wá B, á sì jókòó. Wọ́n ya àwòrán gbogbo àga náà sára ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ ibi tí òun ń lọ. Síbẹ̀, àwọn kan ń sọ ọ́.

Lápá ọ̀tún, H wà lẹ́bàá ọ̀nà, J wà létí fèrèsé, I sì wà láàárín wọn. I ni ìyàwó J.

J fẹ́ràn fèrèsé púpọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti gbéra, kò ní í dákẹ́ mọ́.

"Ìyàwó, wo ìkùukùu yẹn. Ó dà bí òwú."

"Baálé mi, orí yín ni mò ń wò. Òun ló dí fèrèsé."

"Màá sún."

Kì í sún. I kì í sì í bínú. Àyè tó wà láàárín há, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún: kí wọ́n má ya òun àti J.

Ní ọjọ́ kan, Erinmi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìlà kọkànlá, àga I, ni wọ́n fún un. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: 11I.

Erinmi gbé e sójú. Ó kà á, ó tún un kà.

"Mọ́kànléláàádọ́fà," ló wí. "Ọ̀nà jìn o."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọjá ìlà kọkànlá, kò tilẹ̀ wò ó. Ó kọjá ogún, ó kọjá ọgbọ̀n. Ní ogójì, ìlà tán. Ilẹ̀kùn kékeré kan ló kù. Ó ṣí i, ó rí àga kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó jókòó, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀.

Èrò wọlé tán. Awakọ̀ fẹ́ gbéra. Bàálù gbé imú sókè, ó fi ìdí jókòó sílẹ̀ bí ajá tó ń retí eegun.

"Kí ló wà ní ìdí ọkọ̀?" ni awakọ̀ kígbe.

Lékeléke ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú èrò, nítorí aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí. Ó sáré lọ sẹ́yìn. Ó bá àwọn èrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n tò, wọ́n fún itan pọ̀. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Èrò wà níbí o!" ni Erinmi dáhùn.

"Bàbá Erinmi! Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo jókòó sáyè mi ni. Àwọn aláìmọ̀wé yìí kò jẹ́ kí n sinmi, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ṣáá. Àga yìí gan-an, ó ní ihò. Ṣé bí ẹ ṣe ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àgbà nìyẹn?"

Lékeléke gba tíkẹ́ẹ̀tì náà wò. Òun náà ka mọ́kànléláàádọ́fà. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kó tó yé e pé I ló gbẹ̀yìn, kì í ṣe Oókan.

Wọ́n fa Erinmi jáde tipátipá. Imú bàálù sọ̀ kalẹ̀. Lékeléke wá pe I àti Oókan síwájú, ó mú wọn dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó wò wọ́n títí, kò mọ èwo ni èwo.

"Ọ̀kan nínú yín gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀," ló wí. "Bí ẹ̀yin méjèèjì bá wà níbí, wọ́n á tún jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

Oókan ní: "Bí mo bá sọ̀, níbo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà? Ṣé láti orí eéjì?"

Lékeléke mi orí, ó sì kọjú sí I.

I wo J, ó wo Lékeléke.

"Ọ̀gá, ẹ kọ ìjókòó sílẹ̀ ká rí i. Èmi ni mo ṣíwájú rẹ̀. Bí mo bá lọ, kò ní í sí ìjókòó nínú ọkọ̀ yìí mọ́."

Lékeléke kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ó fi ìyẹ́ apá bo I. Ohun tó kù ni: jókòó.

Èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Ohun tí mo ti ń sọ fún wọn láti àárọ̀ nìyẹn!" ni Lékeléke wí. "Jókòó! Ó tó mi."

J nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

"Bó bá ń lọ, èmi náà ń lọ."

"Rárá, baálé mi," ni I wí. "Bí ẹ̀yin náà bá lọ, 'ókòó' ló kù. Kí ni wọ́n fẹ́ fi 'ókòó' ṣe?"

"Kí wọ́n wà lórí ìdúró."

"Bàbá Erinmi náà?"

J tún jókòó.

I rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. "Ẹ máa jẹun o," ló wí. Ilé ló lọ. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kò lè kọ ilé láìsí i.

Lékeléke nawọ́ sí K, tó ti ń wáṣẹ́ kiri lórí ilẹ̀ tipẹ́. "Ìwọ, wọlé. Àga àárín ti ṣófo."

K fò wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó fẹ́ bọ́ sáàárín. J na ọwọ́ dí i.

"Níbẹ̀ kọ́. Etí fèrèsé ni kí o lọ."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ mà ni fèrèsé."

"Mo ní kí o lọ."

J bọ́ sáàárín. Ó wá ibi tó máa gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. H ti gba ti òsì, K ti gba ti ọ̀tún.

"Bàbá J, ibẹ̀ yẹn há o," ni H wí.

"Mo ti rí i."

"Kí lẹ wá ń wá níbẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ kí àlejò gbà á."

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí I nínú àwòrán ìjókòó bàálù. Ẹ wo ti àwọn bàálù ńlá dáadáa: bí ẹ bá ka H, J ló kàn. Láti ọjọ́ náà ni K ti wà létí fèrèsé, tí J sì wà láàárín, níbi tó há. Bí wọ́n bá kọ J sórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ lè kùn díẹ̀. Gbogbo èrò tí wọ́n bá fi síbẹ̀ ló ń kùn. J kì í kùn ní tirẹ̀. Wọn kò fi í síbẹ̀, òun ló lọ fúnra rẹ̀.