Téṣàn Ìdí-Afọ̀n àti Ọmọ Lékeléke

Nígbà láéláé, màlúù kì í fẹsẹ̀ rìn lọ sí Èkó. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń wọ̀, wọn a jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Téṣàn abúlé Ìdí-Afọ̀n ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Ẹ má wò ó bó ṣe di igbó lónìí o, ó ti gbayì rí.

Àgbò ni ọ̀gá téṣàn, Lékeléke sì ń bá a ṣiṣẹ́. Bí èrò bá wà nílẹ̀, Lékeléke á na ìyẹ́ funfun rẹ̀ sókè, ọkọ̀ á dúró. Bí èrò ò bá sí, kò gbọdọ̀ nà án.

Lọ́jọ́ kan, Ẹfúnyẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Lékeléke bí, bá àwọn màlúù wọnú ọkọ̀, ó ń ṣa eṣinṣin jẹ. Ṣé ẹ mọ ọmọdé àti ọ̀fun. Ilẹ̀kùn padé gbàgà, ọkọ̀ gbéra, ó di Èkó.

Àyà Lékeléke já. Kò jẹ, kò mu. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Nígbà tí ọkọ̀ ń ti Èkó bọ̀, èrò ò sí nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó na ìyẹ́. Ọkọ̀ dúró. Ó yọjú wo gbogbo inú rẹ̀, kò rí Ẹfúnyẹmí.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Àgbò ní, “Ìyá Ẹfúnyẹmí, ṣe sùúrù. Ọkọ̀ ti ń kùn. Ó ní bí a bá tún dá òun dúró lásán, òun ò ní yà síbí mọ́ láé.”

“Ọ̀gá, bó bá wá jẹ́ pé inú èyí tó ń bọ̀ yìí ló wà ńkọ́? Ṣé kí n máa wòran ni, kó gbé e kọjá lójú mi?”

Àgbò mirí, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, Lékeléke tún na ìyẹ́. Ọkọ̀ dúró, kò bá èrò kankan. Ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, eré burúkú ló fi ń kọjá. Lékeléke nàyẹ́ títí apá fi ń ro ó, ọkọ̀ ò tilẹ̀ wò ó. Àgbò ti téṣàn pa, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Koríko hù bo ẹnu ọ̀nà.

Ni màlúù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Lékeléke sáré tọ̀ wọ́n. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọmọ mi?”

“A ò tíì dé ọ̀hún ni,” màlúù fèsì. “Máa tẹ̀ lé wa.”

Ó tẹ̀ lé wọn dé etí odò. Ẹ̀rù bà á: bí ọmọ náà bá dé tí kò bá òun nílé ńkọ́? Ó ní, “Bí ẹ bá rí i, ẹ ní mo ń retí rẹ̀.” Ó padà.

Láti ọjọ́ náà ni lékeléke ti ń tẹ̀ lé màlúù káàkiri pápá lójúmọmọ, tó sì máa ń fò padà sílé bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Gbogbo màlúù ló ti rán níṣẹ́. Màlúù tó bá sì dé Èkó kì í padà wá jíṣẹ́, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ ìdí rẹ̀ fún un.