Iṣẹ́ Tí Olùkọ́ Iná Oòrùn Tún Ṣe

Olùkọ́ kan wà ní ìlú kékeré kan lápá Òkè Ògùn, Ọ̀gá Oníná ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún so wáyà sí ilé àwọn ènìyàn kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ iná oòrùn. Nígbà tí iṣẹ́ náà yé e tán, ó ní òun kò ní gbé e wọ sàréè. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn, á kó ogún ọmọ jọ sí gbọ̀ngàn ìlú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́tàdínlógún. Láàárọ̀, á kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Lọ́sàn-án, á kọ́ wọn bí a ṣe ń fi oòrùn tan iná, á sì máa sọ fún wọn pé èéfín jẹnẹrétọ̀ tí bàbá wọn ń tàn lẹ́yìn ilé kò ṣe ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni lóore. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn òbí wọn.

Mo fẹ́ kó yé ọ pé ènìyàn rere ni ọkùnrin náà. Bó bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, mi ò ní fi ìtàn rẹ̀ dí ọ lọ́wọ́, torí kò sí nǹkan tí èmi àti ìwọ máa rí kọ́ níbẹ̀.

Ìwà kan ṣoṣo ló ní. Kò lè rí iṣẹ́ tí kò gún kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti kó irinṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n lọ jẹun, òun nìkan á dúró nínú gbọ̀ngàn. Á mú sípánà, á tú iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tún un so bó ṣe yẹ kó rí. Bí àwọn ọmọ bá fi máa padà dé, iná tó kọ̀ tí kò tàn ti ń tàn, fáànù kékeré tí wọ́n so ti ń yí. Wọn á pariwo, wọn á máa fò sókè. Òun náà á máa bá wọn rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ ò rí i? Ẹ ti di oníná!” Kò parọ́ lójú ara tirẹ̀. Ó kàn dákẹ́ ni.

Ó nídìí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òun náà ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ a máa já wáyà tó bá so dànù lójú àwọn oníbàárà, á sì máa bú u bí ẹni ń bú olè. Ojú a máa tì í débi pé kò ní lè jẹun alẹ́. Ọjọ́ tó gba òmìnira ló ti búra pé ojú ọmọ kankan kò ní tì lọ́dọ̀ òun. Nítorí náà, ìfẹ́ ló fi ń tú iṣẹ́ àwọn ọmọ náà, àánú ló sì fi ń dákẹ́.

Lọ́dún kan, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn ìlú wá bẹ̀ ẹ́. Fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ sí kì í rí iná tó. Ó ní bí àwọn ọmọ náà bá lè fi oòrùn gbé e, gbogbo ìyá tó wà nílùú àti lábúlé ló máa dúpẹ́. Olùkọ́ náà gbà. Ó pín iṣẹ́ náà fún wọn: àwọn kan gun òrùlé lọ to pánẹ́ẹ̀lì, àwọn kan fa wáyà wọlé. Àwọn bátìrì mẹ́rin tó máa gbé gbogbo rẹ̀ ró, Mobọ́ládé ló gbé wọn lé lọ́wọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Mobọ́ládé, ìyá rẹ̀ ń yan gààrí nísàlẹ̀ ọjà. Nínú gbogbo wọn, òun ni ọkàn rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ náà jù. Ó ti sọ nílé pé bí òun bá jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ yìí lòun máa lọ kọ́ ní ilé ìwé gíga, ìyá rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ káàkiri ọjà bí ẹni pé ọmọ náà ti gboyè. Odindi ọ̀sán kan ló fi wà nídìí bátìrì yẹn. Ó so ó, ó tú u, ó tún un so. Nígbà tó parí, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó sì pe olùkọ́.

“Ọ̀gá, ẹ wò ó, sà. Ṣé ó dáa?”

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bóòtì méjì kò le tó. Wáyà tín-ín-rín sì ni ọmọ náà fi sí ibi tó yẹ kí wáyà nínípọn wà. Ó rí i, ó yé e, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu rẹ̀. Ló bá gbójú sókè, ó rí bí ọmọ náà ṣe ń wo ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Lọ jẹun.”

Bí ọmọ náà ti lọ tán, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó pààrọ̀ àwọn wáyà, ó fún àwọn bóòtì le, ó sì fi ìdènà dúdú kékeré kan sáàárín wọn, èyí tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Kò tíì kọ́ àwọn ọmọ nípa ìdènà yẹn rárá. Lẹ́yìn náà, ó pa àpótí bátìrì dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àfihàn, àwọn òbí kún ọgbà ilé ìwòsàn fọ́fọ́, kábíyèsí náà sì rán aṣojú wá. Fìríìjì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Olùkọ́ mú Mobọ́ládé jáde síwájú gbogbo ènìyàn, ó ní ọwọ́ ọmọ yìí ló so ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀, kò tilẹ̀ bò ó mọ́ra. Fún oṣù méje gbáko, fìríìjì náà kò sinmi.

Ní oṣù kẹjọ, ọ̀kadà gbá olùkọ́ náà nígbà tó lọ sí Ìbàdàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà pè é láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Ọ̀gá Oníná, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu lórí àìsàn. Fìríìjì ti kú o. Abẹ́rẹ́ tó dé lánàá ló wà nínú ẹ̀, ọ̀la sì làwọn ìyá ń bọ̀.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ránṣẹ́ pe Mobọ́ládé. Òun ló so ó. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.”

Kíyè sí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tan nọ́ọ̀sì jẹ. Ó ti sọ ọ́ lójú àwùjọ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Ó gbé fóònù sórí àyà rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun pé ó ti ń ṣiṣẹ́.

Mobọ́ládé ló pè.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, sà?”

“Ó ń san díẹ̀díẹ̀. Ṣé o ti ṣí àpótí yẹn?”

“Mo ti ṣí i, sà. Ọ̀gá, kì í ṣe bí mo ṣe so ó nìyí. Wáyà tèmi ò nípọn tó báyìí. Nǹkan dúdú kan tún wà láàárín tí mi ò mọ̀. Ta ló wá tú u?”

Ó lè sọ pé oníná mìíràn ló wá tún un ṣe. Irọ́ náà wà nílẹ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó máa já a. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn abẹ́rẹ́ tó ń gbóná lọ nínú fìríìjì, ó sì mọ̀ pé bí ọmọ náà kò bá mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, kò lè tún un ṣe.

“Èmi ni,” ló wí.

“Ìgbà wo, sà?”

“Ọjọ́ tó o so ó gan-an. Nígbà tó o lọ jẹun.”



“Ẹ sọ fún mi pé ó dáa, sà.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Fáànù tí mo ṣe ńkọ́? Iná orí tábìlì yẹn?”

“Gbogbo ẹ̀ ni, Mobọ́ládé.”

Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àyè kò sí. Ó ní ìdènà ni nǹkan dúdú yẹn, òun ló já iná; kó mú sípánà láti tú u, òun á máa sọ ibi tó máa fi sí. Ọmọ náà mú un. Olùkọ́ ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Lójijì irin kọ lu irin, nǹkan ta pà, ọmọ náà sì ké. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà débi pé ó fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́.

“Kò jó mi, sà. Iná ló ta. Mi ò lè ṣe é, sà. Mi ò ṣe é rí.”

Nọ́ọ̀sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọmọ náà ti ju sípánà sílẹ̀. Olùkọ́ ní kí wọ́n mú un kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì pa àpótí náà dé.

Wọ́n wá yìnyín káàkiri, kò sí, torí iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n gbé àwọn abẹ́rẹ́ sórí ọ̀kadà lọ sí ìlú ńlá tó súnmọ́ wọn, àmọ́ òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Kí wọ́n tó débẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti gbóná. Nọ́ọ̀sì kó wọn dànù. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá tó fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé, ọmọ lẹ́yìn, bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n sì yí padà nínú oòrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí òmíràn tó dé. Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí àrùn kan kò jà láàárín ìgbà náà.

Nígbà tí olùkọ́ padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá, ilé Mobọ́ládé ló kọ́kọ́ lọ. Ó bá ọmọ náà nídìí agbada, ó ń yan gààrí. Ìyá rẹ̀ sáré gbé àga fún un, ó ń kí i, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí gbogbo ohun tó ti ṣe fún ọmọ òun. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú tì í ju bó ti tì í rí níwájú ọ̀gá rẹ̀ ayé àtijọ́ lọ.

Nígbà tí ìyá wọlé lọ bu omi, ó ní, “Mo wá bẹ̀ ọ́ ni.”

“Ẹ má bẹ̀ mí, sà. Ẹ tó bí mi lọ́mọ.”

“Padà wá nígbà ìsinmi. Ìwọ lo máa tú u, ìwọ lo máa so ó. Ibi tí kò bá dáa, màá sọ fún ẹ.”

Ọmọ náà ro gààrí náà títí, kò bínú, kò sì sunkún.

Ó ní, “Sà, bí màámi bá tọ́ gààrí tí mo yan wò báyìí, tí wọ́n ní ó dáa, mo máa ń dúró kí wọ́n lọ, kí n tún un tọ́ wò fúnra mi.”

Olùkọ́ mu omi tí ìyá gbé wá, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Nígbà tí ìsinmi dé, ó kó ogún ọmọ jọ, kò sì tú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wọn mọ́. Ìdajì iná wọn ni kò tàn lọ́jọ́ àfihàn. Mobọ́ládé kò sí lára wọn.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ wà nílé rẹ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sì wà lọ́dọ̀ rẹ. Aṣọ tí kò fọ̀ mọ́, o ti tún un fọ̀ nígbà tó jáde. Lẹ́tà tó kọ, o ti kọ tìrẹ dípò rẹ̀, o sì ń yìn ín lójú àlejò. O ní ìfẹ́ ni. Mi ò bá ọ jiyàn pé ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀: o kò fẹ́ rí ojú ọmọ náà nígbà tó bá gbọ́ pé kò tíì dáa. Olùkọ́ yẹn náà kò fẹ́ rí i. Ọ̀sán kan péré ló fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ojú yẹn, ọmọ náà kò sì gba ìyìn ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, títí kan ti ìyá tó bí i lọ́mọ. Lọ sílé lónìí. Sọ fún un pé kò tíì dáa, kí o sì fi ibi tí kò dáa hàn án. Lẹ́yìn náà, jókòó tì í kó tún un ṣe, má sì bá a fọwọ́ kàn án.