Ìyá Òkété Kọ́ Ọkọ̀ Wíwà

Ààlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dáhùn kó ròkè!
Ààlọ̀!

Ìyá Òkété fẹ́ kọ́ ọkọ̀ ojú omi wíwà lọ́jọ́ ogbó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ Ọ̀bọ, olùkọ́ awakọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀bọ ní, "Ìyá, ẹ lọ yáná. Ọmọdé ni mò ń kọ́."

Àfi bí odò ṣe kún wọlé lọ́jọ́ tí gbogbo ọmọdé lọ oko. Ọkọ̀ ńlá, Ọ̀bọ nìkan! Ó gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ lé Ìyá Òkété lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ gbà wá!"

"Ìgbà tómi wà ní kókósẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́!"

Ẹ bá mi gbè é:
Ìyá, ẹ fà á!
Àjẹ̀ wọ omi!

Ó fà á, ọkọ̀ pòyì. Ó fà á, ọkọ̀ kọlu igi. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gúnlẹ̀.

Látìgbà náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Ọ̀bọ ti ń pe àwọn arúgbó sódò láti kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí rèé. Ta ló ti kọ́ ìyá àgbà tiyín ní ohun tuntun?