Ọmọ Tó Kí Bàbá Rẹ̀ ní Ìdúró

Ọkùnrin àgbẹ̀ kòkó kan wà tí ìjọba ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé nítorí pé ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwọ́de. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Àjàgbé ni oríkì rẹ̀. Láràárọ̀, kí Àjàgbé tó fẹnu kan omi, á ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀, bàbá á sì máa kì í títí ẹ̀kọ wọn á fi tutù. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un lọ, bàbá a máa jí, a máa ṣílẹ̀kùn, a sì máa wo ilẹ̀ lásán. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ju oúnjẹ lọ.

Ìròyìn tàn dé òkè òkun pé wọ́n ń lu àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní àlùbami ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Àjàgbé wà. Ìjọba ní irọ́ ni. Àjọ àgbáyé ní àwọn yóò rán aṣèwádìí wá. O mọ bí a ti í ṣe bí àlejò bá ń bọ̀: wọ́n kun ògiri, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, wọ́n wọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n láṣọ alápá gígùn. Wọ́n tilẹ̀ pe àwọn òbí, kí àlejò lè rí ẹ̀rín.

Nígbà tí bàbá dé yàrá àlejò ọgbà náà, níbi tí àwọn aṣèwádìí jókòó sí, wọ́n mú Àjàgbé wọlé, ọ̀gá ọgbà tẹ̀ lé e. Ó dúró ṣánṣán.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá mi.” Kò tẹ̀ rárá.

Gbogbo àárò tó ti ń sọ bàbá di ìbínú. “Àjàgbé! Ìdúró lo fi ń kí mi? Ṣé ẹ̀wọ̀n ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ ni?” Ó yíjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Àwọn aṣèwádìí ti bi Àjàgbé léèrè níṣojú ọ̀gá ọgbà. Ó ní ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan òun. Wọ́n ti fẹ́ máa lọ. Ní ìlú tiwọn, ìdúró lọmọ fi ń kí bàbá, kò sì burú. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ṣáájú wọn bi ògbufọ̀ pé kí ló ń pa àgbà yìí lẹ́kún. Ògbufọ̀ ṣàlàyé. Obìnrin náà ní, “Ẹ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nígbà náà.”

Àjàgbé gbìyànjú. Ó fẹ́ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, ó ké “Yéè!” ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni, mà,” ni ọ̀gá ọgbà wí.

Obìnrin náà ní kí ọ̀gá ọgbà bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ Àjàgbé sókè, egbò wà lórí egbò, láti èjìká dé ìbàdí.

Bàbá ṣí fìlà. Ojú lọ̀rọ̀ wà: àgbà náà dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ojú wọn lè bára, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

Àwọn aṣèwádìí kọ ohun tí wọ́n rí, ìjọba ò lè pè é nírọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì dá Àjàgbé sílẹ̀. Láràárọ̀, bàbá ṣì ń ṣílẹ̀kùn. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ló ń retí mọ́. Kó ṣáà dé, kó kí i ní ìdúró.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, ta ni kò kí ọ dáadáa mọ́, tí o ti tìtorí rẹ̀ yíjú sí ògiri? Má bi í léèrè níṣojú ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Kó o sì tó pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, wo ẹ̀yìn rẹ̀.