Adájọ́ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Gbọ̀n

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ adájọ́, ọdún kan péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì. Ní kóòtù tirẹ̀, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá wí. Nítorí náà, gègé ìkọ̀wé rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ń wò sọ̀rọ̀. Bó bá ń kọ, wọ́n á máa wí. Bó bá dúró, wọ́n á dákẹ́ dè é. Ohun tí gègé kò bá kọ, bí ẹni pé a kò sọ ọ́ rárá ni.

Àìsàn wá mú ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin yìí, ó ń gbọ̀n. Dókítà ní àìsàn náà kò ní í lọ mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé adájọ́ tó bá kúrò kí ọdún tí òfin là sílẹ̀ tó pé, ọwọ́ òfo ni yóò bá relé, kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún un. Ó ro ti ìyàwó rẹ̀, ó ro ti ọjọ́ ogbó. Ó fẹ́ lọ béèrè lọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè á tú àṣírí. Ó panu mọ́. Ẹni tó ń ka òfin fún gbogbo ayé, ẹ wò ó, kò ka tirẹ̀!

Ó wá ń dọ́gbọ́n. Bí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n jù, á máa yí gègé lórí ìwé láìjẹ́ kó kàn án. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á rántí.

Lọ́jọ́ kan, opó kan ń jẹ́rìí lórí oko tí àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbà. Ó sọ ibi tí ọkọ rẹ̀ gbin pérégún sí láti fi pààlà, ó sì dákẹ́. Akọ̀wé kóòtù ní kó máa wí lọ. Opó náà kò wo akọ̀wé.

"Ẹ má bínú, Olúwa mi," ló wí. "Gègé yín ò kan ìwé. Ẹ ò tíì kọ ti pérégún, ibẹ̀ sì ni oko mi wà. Àbí ọwọ́ ń dùn yín ni? Mo lè dúró."

Kò sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀. Ojú ti adájọ́ gidigidi. Oko opó ló fẹ́ fi ra owó ìfẹ̀yìntì.

"Ìyá, ọwọ́ mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yín mọ́," ló wí. "Ẹlòmíràn ni yóò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó ní kí wọ́n tún gbogbo ẹjọ́ tó ti fi ọwọ́ yẹn kọ gbọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àga ìdájọ́ pátápátá.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, bí ẹni tó lọ gba ìdájọ́ ló ṣe jókòó. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣí ìwé òfin.

"Bàbá, ti ọdún pípé nìyí lókè," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká ka ìsàlẹ̀. Ẹni tí àìsàn bá gbé kúrò lórí àga, wọn ò gbọdọ̀ dá owó tirẹ̀ dúró. Ta ló sọ fún yín pé ẹ ò ní í gbà á?"

Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òfin náà ti wà níbẹ̀ kó tó di adájọ́.

Ìwọ tó jókòó tì mí yìí, tí o di ipò rẹ mú nítorí o ò mọ ohun tí wàá jẹ lọ́la, abéèrè kì í ṣìnà. Lọ béèrè. Ọ̀nà lè ti wà níbi tí o kò tíì kà dé. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́, torí ẹnì kan dúró níwájú rẹ lónìí, ọwọ́ rẹ ló ń wò.