Èérí Ọtí Ìyá Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ gbé ohùn sókè, ẹ̀ ń dáhùn bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀ẹ́n, ó sàn díẹ̀. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀. Kò ṣubú lé òkúta, kò ṣubú lé igi. Orí Ìjàpá ló bọ́ lé, àti orí ìyá arúgbó kan tó ń pọn ọtí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan Ìjàpá rí nínú yín ti mọ ìdajì rẹ̀, kó panu mọ́ kó má bà á jẹ́ fún àwọn tó kù. Láníhún, yọ ìka lẹ́nu. Àlọ́ là ń pa, a ò pín ẹran.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí gbogbo ẹranko ń gbé ìlú kan náà, Ìyá Òkété ni ọlọ́tí ìlú. Opó ni. Àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá wọn ti kú, kò sì sí ẹlòmíì tí wọ́n ń wojú rẹ̀. Ilé ìpọntí kan wà létí odò, ti ọba ni. Ẹni tó bá ń pọn ọtí ọdún ìjẹṣu fún Ọba Erin ló ń gbé ibẹ̀. Ọtí yìí ni Ìyá Òkété fi rí ibi forí pamọ́ sí, òun àti àwọn ọmọ náà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọtí ọkà ìyá yìí púpọ̀, itọ́ ti ń kún mi lẹ́nu. Bó ṣe ń pọn ọn rèé. Yóò rẹ ọkà bàbà títí yóò fi hù, yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é, yóò sì sẹ́ ẹ. Omi tó bá jò sílẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n kò tíì di ọtí. Èérí tó kù nínú asẹ́, tí àwọn ẹlòmíì ń dà fún adìẹ, Ìyá Òkété kì í dà á nù. Inú ògbólógbòó ìkòkò kan tí kò fọ̀ rí ló ń kó o sí, yóò fi ewé dé e. Nígbà tó bá tún ń pọn òmíràn, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ èérí àtijọ́ yẹn sínú omi ọkà tuntun, yóò fi orin pè é. Kò ní pẹ́ tí ìfófó yóò fi yọ, tí ọtí yóò máa hó ṣùì-ṣùì.

Ìjàpá kì í wọ́n níbẹ̀. Ìjàpá ò ní oko, kò ní iṣẹ́, ọ̀nà ọ̀fun nìkan ló ní.

"Ìyá Ọlọ́tí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n bá yín tọ́ ọ wò, kó má lọ kan jù."

"O tọ́ ọ wò lánàá, Ìjàpá."

"Àná ti lọ, Ìyá. Tòní ni mò ń sọ."

Ìyá bù fún un. Ìjàpá mu, ó lá ẹnu, ó wo bí ìyá ṣe ń bu èérí sínú ìkòkò.

"Ìyá, kí lẹ wá ń ki ìdọ̀tí bọ ọtí sí?"

"Má pè é ní ìdọ̀tí. Ìyá ọtí nìyẹn. Bí kò bá sí i, omi dídùn lásán ni gbogbo wàhálà mi."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ìyá. Ìjàpá dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, bí Ìjàpá bá ti dákẹ́, kí olúkúlùkù lọ tọ́jú ẹran inú ìkòkò rẹ̀. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, "Bí èérí yìí bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, èmi ni ọlọ́tí ọba. Ta ni yóò tún máa sọ fún mi pé mo tọ́ ọ wò lánàá?"

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Ewúrẹ́ lọ.

"Ewúrẹ́, ṣé o mọ ohun tí ò ń mu nílé Ìyá Òkété?"

"Ọtí ni."

"Èérí èṣí ni! Nínú ìkòkò tí omi ò kàn láti ìgbà tí bàbá ọba ti ń rá kòrò!"

Ewúrẹ́ tutọ́ sílẹ̀ pọ̀ọ́. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lórí ààtàn o, òun ló ń tutọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ẹlẹ́dẹ̀, Ẹlẹ́dẹ̀ ní inú ń rú òun. Ẹ gbà mí, Ẹlẹ́dẹ̀! Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìlú ti ń di ikùn mú, wọ́n ń sọ pé ẹnì kan fẹ́ fi ẹ̀gbin pa àwọn.

Ọba Erin ránṣẹ́ pe Ìyá Òkété.

"Ìyá, wọ́n ní ìdọ̀tí lẹ ń fún wa mu."

"Kábíyèsí, èérí ọkà ni. Òun ló ń mú un..."

Ìjàpá ti dìde fùú. "Kádé pẹ́ lórí o! Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ Ìyá ló mọ iṣẹ́, kó da èérí nù, kó fọ ìkòkò, kó pọn ọtí ìjẹṣu ọdún yìí ní mímọ́ tónítóní. Bí kò bá rí i ṣe, kí ẹni tó bá rí i ṣe gba ilé ìpọntí."

"Ta ni yóò gbé ẹ̀gbin náà dànù?"

"Èmi náà ni, Kábíyèsí. Kí ni mi ò lè ṣe nítorí ìlú mi?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn òmùgọ̀! Ìyá Òkété wólẹ̀, ó ń sunkún. "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi. Ibo ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ yìí lọ ní ọjọ́ ogbó mi?" Ọba ní bí Ìjàpá ṣe wí i náà ni yóò rí.

Ìjàpá gbé èérí, ó di inú igbó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di ìṣòro fún un. Bó bá rì í mọ́lẹ̀, imú Ajá á gbọ́ òórùn rẹ̀, Ajá á hú u. Bó bá gbé e sílé, adìẹ á jẹ ẹ́. Ó ronú títí, ó rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki èérí sábẹ́ karaun rẹ̀. Ó ki í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó ki í sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó rọ ìyókù sí ìdí. Ó wá ń rìn káàkiri ìlú bí ẹni tó jẹun yó.

Ìyá Òkété fọ ìkòkò, ó pọn ọtí. Ó kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há, omi ọkà ò mira. Nígbà tí ọjọ́ ìjẹṣu pé, àwọn arẹrù wá gbé àwọn ìkòkò lọ sí ààfin. Ó ku ọ̀kan péré tó gbé ka ẹ̀yinná, bóyá ooru á jí i. Ó wọ inú ilé lọ, ó ń di ẹrù àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ìgbà náà ni Ìjàpá dé.

"Ìyá, ẹ kú ilé o. Mo wá wo ilé mi."

Ìyá ń di ẹrù rẹ̀ lọ nínú ilé. Òórùn omi ọkà dídùn lọ sí Ìjàpá nímú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gun orí odó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó na ọrùn. Kò tó o. Ó tún nà án. Gbùdù! Ó ti ṣubú sínú ìkòkò.

Ẹlòmíì á pariwo pé ẹ gbà mí. Ìjàpá? Ó rí i pé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rí i pé ó dùn, ló bá ń mu. Bó ṣe ń gba ẹnu wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ń gba gbogbo ihò karaun wọlé. Nígbà tó yó tán, ó rá jáde, ó forí lé ààfin nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Ìjàpá ọlọ́gbọ́n mọ ohun tí èérí ń ṣe. Kò kàn mọ̀ pé èérí kì í dúró gba àṣẹ. Ebi ti ń pa èérí náà lábẹ́ karaun láti ọjọ́ yìí; omi dídùn wá bá a, oòrùn ń yáná fún un. Kí ló kù?

Ní ààfin, wọ́n ṣí ìkòkò. Ọba Erin ki ọwọ́jà bọ̀ ọ́, ó fà á, ojú rẹ̀ le.

"Kí nìyí? Ṣé ọmọ tó ń hu eyín ni mí ni?"

Àwùjọ hó yèè. Ìjàpá bọ́ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ ara wọn.

"Kábí... Kábíyè... Ẹ fún mi ní... nílé mi."

Ìyá Òkété, tí òun náà ti dé ààfin, kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ n pe ọtí mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá jẹ́ mi, màá kó àwọn ọmọ mi lọ." Ọba mi orí pé ó gbà. Ẹ bá mi gbè é o:

Èérí mi, ọmọ ọkà o,
*Hó, jẹ́ n gbọ́!*
Ìyá rẹ ló ń pè ọ́ o,
*Hó, jẹ́ n gbọ́!*
Ibi o wà, má sùn mọ́ o,
*Hó, jẹ́ n gbọ́!*

Ìkòkò dákẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín àwùjọ, nǹkan kan dáhùn: *Fììììì.*

Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ewúrẹ́ rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹlẹ́dẹ̀.

"Ẹlẹ́dẹ̀, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kọ́ o! Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀ bá ti mọ̀."

Ìyá tún gbé orin. *Fìììì, gbùlọ̀!* Ìfófó funfun gba ọrùn Ìjàpá tú jáde. Ajá sáré dé ibẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kígbe: "Kábíyèsí, ọtí nìyí! Ọtí Ìyá Òkété gan-an ni!"

Ìjàpá fa orí wọlé kó lè dí ihò. Ìfófó gba ìdí jáde. Ó fún ìdí pọ̀. Ìfófó tún gba ọrùn. Ó ń pòòyì láàárín àgbàlá ọba, ó ń da ọtí kiri, ó ń bẹ èérí pé kó dákun, kó dákẹ́. Òùngbẹ ò mọ ìtìjú: Ọba Erin fi ọwọ́jà sí ọrùn rẹ̀, ó fà á gbùùù. Gbogbo ìlú gbé ahá, wọ́n yí Ìjàpá ká.

Ewúrẹ́ dúró. "Èyí tí mo gbà yìí, ṣé ọrùn ló gbà jáde ni, àbí ibòmíì?"

"Mu tìrẹ," Ajá dá a lóhùn, "má bèèrè."

"Èyí ju tèṣí lọ!" Ọba ló wí bẹ́ẹ̀, ìfófó kún ihò imú rẹ̀.

Nígbà náà ni Ìyá Òkété dìde, ó fọwọ́ mú ìbàdí. "Kí ẹ̀mí Kábíyèsí gùn. Ẹ ní ìkòkò mi ò mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá mi fọ ìdí Ìjàpá?"

Ẹlẹ́dẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ahá sílẹ̀.

Ọba ní kí Ìyá padà sílé rẹ̀ létí odò, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tó bá tún pe èérí rẹ̀ ní ẹ̀gbin, omi dídùn ni yóò máa mu títí ikú yóò fi dé. Ìyá mú ìpọn, ó dojú Ìjàpá dé, ó wa èérí rẹ̀ jáde, ó pín in sínú àwọn ìkòkò. Orin kan ṣoṣo, gbogbo wọn dáhùn.

Ṣùgbọ́n kò lè wa gbogbo rẹ̀ tán. Díẹ̀ há sí kọ̀rọ̀ karaun, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́tí tó mọṣẹ́ kì í fi da gbogbo èérí nù, tí yóò máa ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ìkòkò. Ìdí náà nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fọwọ́ kan Ìjàpá, yóò ní *fìì*, yóò sì fa orí wọlé wàrà. Ẹ̀rù ń bà á pé ahá wà lọ́wọ́ yín.

Ibi tí mo ti ká àlọ́ mi rèé. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹnu mi dá wáí bí ọtí tí kò ní èérí. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kó máa hó lọ.