Míkísà Àtijọ́ àti Wáyà Kejì

Bàbá Ajéwọlé, àbúrò bàbá wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìjọ, ni ó kọ́kọ́ pa àkàwé yìí nílé wa, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta ọdún 2017. Múyìwá, ìbátan wa kan, ni ó pa á fún. Múyìwá ti pinnu láti mú ìyá rẹ̀ kúrò nílé búrẹ́dì tí ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, kí ìyá náà lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ ní abúlé. Ó ní gbogbo àṣẹ tí ìyá ń pa ló ń da iṣẹ́ rú, pé ogbó ti dé. Bàbá Ajéwọlé gbọ́ ọ tán, ó ní kí ó jókòó.

Ọkùnrin kan wà tí ó ń gba orin àwọn ènìyàn sílẹ̀ nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ńlá kan, irú èyí tí àwọn akọrin ń pè ní míkísà. Gbogbo ohùn tó bá wọ yàrá náà, inú míkísà ni yóò gbà kọjá. Ọkùnrin náà yóò to ìka rẹ̀ sórí àwọn bọ́tìnnì tó ń rìn sókè sódò, yóò gbé ohùn tó rẹlẹ̀ ga, yóò tẹ èyí tó ń pariwo wálẹ̀. Àwọn bọ́tìnnì náà ní ẹ́ńjìnnì kékeré lábẹ́, tó fi jẹ́ pé wọ́n lè rìn fúnra wọn. Ẹ̀rọ yìí ló bọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

Nígbà tó yá, ihò tí ohùn ń gbà wọ inú rẹ̀ bàjẹ́. Ohun yòówù tí ènìyàn bá kọ, ariwo bí òjò orí páànù ni yóò bá a jáde. Ọkùnrin náà ra kọ̀ǹpútà, ó ń da ohùn tààrà sínú rẹ̀, ó sì fi aṣọ bo míkísà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Gbogbo ìka rẹ̀ ló fi ń darí ohùn tẹ́lẹ̀. Ìka kan ló wá kù lórí máòsì. Lójoojúmọ́ ni yóò ṣí aṣọ náà, yóò nu eruku, yóò tún bò ó.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìyáálé mi lẹ tún lọ kí yẹn?"

Ó ní, "Ìyáálé rẹ kò ṣe é lé jáde."

"Èmi kò ní kẹ́ ẹ lé e. Ẹ ṣáà wá iṣẹ́ fún un."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Ó rí i pé kò pọn dandan kí ohùn gba inú míkísà mọ́. Bọ́tìnnì rẹ̀ lè máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó fa wáyà kan láti ara míkísà lọ sára kọ̀ǹpútà. Ó ti bọ́tìnnì kan sókè, ohùn inú kọ̀ǹpútà sì ga. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe ìyàwó rẹ̀ kúrò nídìí ààrò wá wò ó.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá arúgbó kan wá. Òun nìkan ló kù ní agboolé rẹ̀ tó mọ ẹkún ìyàwó tí àwọn ìyá wọn ń sun. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ rẹ̀ yóò mú un lọ sí òkè òkun. Bí wọn kò bá gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sétí bò ó létí. Ọkùnrin náà fi máòsì tẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Arúgbó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó débi tó dùn, ọkùnrin náà fi ìka kan bọ́tìnnì míkísà, ohùn náà sì fò sókè lójijì, ó dún gbàà sí i létí.

Arúgbó yọ ẹ̀rọ náà kúrò létí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹkún lẹ pè mí wá sun, àbí etí lẹ fẹ́ fọ́ fún mi?"

Wọ́n fi máòsì tẹ ohùn wálẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà tún fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ohùn tún fò. Arúgbó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó ní òun ń lọ. Ọkùnrin náà bínú sí míkísà. Ó ní ogbó ti dà á lórí rú, pé àwọn tó ń ra àlòkù irin ni òun yóò tà á fún.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Nígbà tí ẹ gbé ohùn wálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ta ló sọ fún ìyáálé mi?"

Ọkùnrin náà padà sídìí míkísà. Ó wo bọ́tìnnì náà: ibi tó wà láti àná ló ṣì wà, lókè téńté. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Wáyà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Kò sí èyí tó ń gbé ìròyìn bọ̀. Ó wá wáyà kejì, ó so ó, ó sì tún fi máòsì tẹ ohùn wálẹ̀. Bọ́tìnnì orí míkísà bẹ̀rẹ̀ sí rìn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ kí àna.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìyáálé mi ti gbọ́."

Arúgbó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó sun ẹkún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ kò sì fò mọ́.

Bàbá Ajéwọlé wá kọjú sí Múyìwá, ó ní, "Àkànjí, ìwọ ni mò ń bá wí. Ẹ ti yí ìyẹ̀fun padà, ẹ ti pààrọ̀ oníbàárà, ẹ ti gba òṣìṣẹ́ tuntun. Ta ló sọ fún ìyá rẹ? Ẹ̀ ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í mú ìròyìn padà wá fún un. Kì í ṣe ogbó. Ibi tí ẹ fi í sí ló ti ń sọ̀rọ̀. Lọ so wáyà kejì."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Múyìwá gbé àpótí jókòó síwájú ìyá rẹ̀ nílé búrẹ́dì, ó ròyìn fún un látorí ìyẹ̀fun dórí òṣìṣẹ́. Ìyá náà bu ìyẹ̀fun tuntun sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ra á. Ó ní, "O kò sì wí láti ọjọ́ yìí. Èyí kì í mu omi tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ dín omi rẹ̀ kù." Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ mímú ìyá lọ sí abúlé parí nílé wa.